Bí ẹ ṣe máa so wúfà mọ́ kọ̀ǹpútà ilé yín tí béèsì á fi dún bó ṣe yẹ

Láàárín oṣù kan péré, èèyàn mẹ́ta ló bi mí ní ìbéèrè kan náà. Àbúrò mi tó ń gbé Àpáta n'Ìbàdàn níbí ra wúfà tòkúnbọ̀, ó fẹ́ so ó mọ́ láàpùtọ́ọ̀pù. Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń ya fídíò ìnáwó ní Bódìjà fẹ́ máa gbọ́ béèsì dáadáa tó bá jókòó ti kọ̀ǹpútà láti to iṣẹ́ ẹ̀. Ẹnì kẹta ni bọ̀ọ̀dá kan ládùúgbò wa ní Mọ́kọ́lá, home theatre ẹ̀ ti kọṣẹ́ àmọ́ wúfà inú ẹ̀ ṣì le koko. Mo ṣàlàyé fún àbúrò mi lórí fóònù títí kírédíìtì mi fi tán, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ẹni tó bá ń wá a lè rí i kà.

Ẹ gbé orin fújì tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo sórí láàpùtọ́ọ̀pù yín, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kó máa kọ. Ẹ máa gbọ́ olórin, ẹ máa gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, gángan náà á máa fọhùn, àmọ́ ìlù ńlá àti gìtá béèsì, ńṣe ló máa dà bíi pé ẹnì kan ń ta agolo mílíìkì lórí tábìlì. Kì í ṣe pé ìró yẹn ò sí nínú orin o, ó wà níbẹ̀ digbí, sípíkà kékeré yẹn ni ò lágbára láti ti afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó. Etí èèyàn ń gbọ́ láti nǹkan bíi 20 Hz dé 20,000 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bó ṣe kéré tó ni ìró ṣe ń rẹlẹ̀ tó), okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì olókùn mẹ́rin wà ní nǹkan bíi 41 Hz, bẹ́ẹ̀ sípíkà kọ̀ǹpútà tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ti máa ń rẹ̀ ẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀ dé 100 Hz. Láti ibi tó ti rẹ sípíkà yẹn lọ sísàlẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wúfà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó ra wáyà kankan, ẹ yí wúfà yẹn padà kí ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú eléyìí ní pàtàkì, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i tí àwọn èèyàn ti ń náwó dànù. Tí ẹ bá rí wáyà iná tó ń lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí ẹ rí nọ́ọ̀bù méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n ń yí, tí ẹ tún rí ihò pupa àti funfun tí wọ́n kọ LINE IN sí, wúfà yín ní amplifier (ẹ̀rọ tó ń fún ìró lágbára) tiẹ̀ nínú, active ni wọ́n ń pè é, òun ló rọrùn jù. Àmọ́ tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ń fún wáyà mọ́ nìkan ni ẹ rí, pupa kan dúdú kan, tí ò sí wáyà iná lára ẹ̀ rárá, passive nìyẹn. Amplifier níta ló máa ta irú wúfà bẹ́ẹ̀ jí. Ihò íápíìsì láàpùtọ́ọ̀pù ò lè gbé e láéláé, tí ẹ bá fi tipátipá so ó mọ́ ọn, ẹ ò ní gbọ́ ju ìró bíi ti kòkòrò lọ, ó dẹ̀ lè ba ihò yẹn jẹ́.

Ti bọ̀ọ̀dá Mọ́kọ́lá nìyẹn. Wúfà home theatre ẹ̀, passive ni, ó ti fẹ́ lọ ra amplifier tuntun kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Mo ní ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ ká wo orí ẹ̀rọ yẹn fúnra ẹ̀. A gbé e yí padà, a nu erùpẹ̀ kúrò lẹ́yìn ẹ̀, ibi tó ti ń ka àwo DVD nìkan ló ti kú, iná ẹ̀ ṣì ń tàn, ihò AUX IN sì wà lẹ́yìn níbẹ̀, pupa àti funfun. Wáyà kan ṣoṣo la rà, èyí tó ní ẹnu íápíìsì lápá kan tó dẹ̀ ní ẹnu pupa àti funfun lápá kejì, irú ẹnu tí a fi máa ń so DVD mọ́ tẹlifíṣọ̀n. A ki ẹnu íápíìsì bọ kọ̀ǹpútà, a ki ìyókù bọ AUX IN, ó fi rímóòtù mú AUX, gbogbo sípíkà tó wà nínú páálọ̀ ẹ̀ sì dún lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ yẹn fúnra ẹ̀ ló ń ya béèsì sọ́tọ̀ fún wúfà. Tí tiyín bá ti kú pátápátá, ẹ wo iye ohm (bí wúfà ṣe ń dí iná lọ́nà tó) tí wọ́n kọ sẹ́yìn wúfà, ó lè jẹ́ 3, 4, 6 tàbí 8, kí ẹ wá amplifier tí wọ́n kọ sára ẹ̀ pé ó lè gbé iye yẹn. Èyí tí wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 8 ohm, tí ẹ bá gbé wúfà 3 ohm fún un, ó lè gbóná títí yóò fi jó.

Àwọn kan ní sẹ́ẹ̀tì kékeré tó jẹ́ wúfà kan, sípíkà méjì, tí wọ́n ń pè ní 2.1. Ìyẹn ò le. Inú wúfà ni amplifier wà, sípíkà méjèèjì ló ń so mọ́ wúfà, wáyà kan péré ló ń lọ sí ihò tó ní àwọ̀ ewé lára kọ̀ǹpútà. Ó parí.

Ó wá ku ẹni tó ní wúfà active lọ́tọ̀ tó tún ní sípíkà méjì lọ́tọ̀. Ìbéèrè tí ẹ máa bi ara yín ni pé ibo ni ìró ti ń jáde nínú kọ̀ǹpútà yín. Tó bá jẹ́ láàpùtọ́ọ̀pù tó ní ihò íápíìsì kan ṣoṣo, ẹ fi wáyà kan gbé ìró látibẹ̀ lọ sí LINE IN wúfà, tí wúfà yẹn bá ní LINE OUT, kí ẹ tún fi wáyà míì gbé e látibẹ̀ lọ sí sípíkà tó ń mu iná fúnra ẹ̀. Tí ò bá ní LINE OUT, ẹ ra ohun kékeré tó máa ń pín ihò íápíìsì kan sí méjì, ọ̀kan fún wúfà, ìkejì fún sípíkà. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń ta ẹ̀yà fóònù àti kọ̀ǹpútà ní Queen Cinema ní in. Pínpín ìró kan sí ibi méjì ò léwu. Ohun tí mi ò fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ yí i padà, kí ẹ wá fi ohun yẹn da ìró fóònù àti ti kọ̀ǹpútà pọ̀ sínú ihò kan lẹ́ẹ̀kan náà, torí àwọn méjèèjì á máa ti iná bọ ara wọn.

Tó bá jẹ́ pé amplifier ló wà láàárín kọ̀ǹpútà àti sípíkà yín, ẹ wo ẹ̀yìn amplifier bóyá wọ́n kọ SUB OUT tàbí PRE OUT síbẹ̀, ibẹ̀ ni kí wáyà wúfà ti wá. Tí ò bá sí, ẹ wo ẹ̀yìn wúfà bóyá ó ní ibi tí wọ́n kọ HIGH LEVEL sí. Ẹ lè fa wáyà láti ibi tí sípíkà ti ń mu lára amplifier lọ sí HIGH LEVEL yẹn, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, ọ̀tún sí ọ̀tún, òsì sí òsì. Àmọ́ àwọn amplifier kéékèèké tí wọ́n ń tà báyìí, tí ò tóbi ju páálí ṣájà kan lọ, nínú ọ̀pọ̀ wọn iná ń jáde lára wáyà dúdú náà, kì í ṣe pupa nìkan. Ẹ má so dúdú ọ̀tún àti dúdú òsì pọ̀ láéláé, amplifier yẹn lè jó lójú ẹsẹ̀.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tún ní ọ̀nà tiẹ̀. Tí ẹ bá wo ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ lè rí ihò bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà lóríṣiríṣi àwọ̀. Èyí tó ní àwọ̀ ewé ni ti sípíkà iwájú, pínkì ni ti maikirofóònù, búlúù ni ìró ń gbà wọlé, dúdú ni ti sípíkà ẹ̀yìn, èyí tó ní àwọ̀ ọsàn ni ti sípíkà àárín àti wúfà. Nínú ihò ọlọ́sàn yẹn, ìró méjì ló wà pọ̀, tí ẹ bá fi wáyà ẹnu pupa àti funfun sí i, ọ̀kan á gbé ohùn àárín, ìkejì á gbé béèsì, tí ẹ bá wá gbọ́ ohùn èèyàn nínú wúfà, ẹ kàn yọ ẹnu kan, kí ẹ ki ìkejì bọ̀ ọ́. Lórí Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ mmsys.cpl, ẹ tẹ Enter, ẹ mú sípíkà yín níbi Playback, ẹ tẹ Configure, ẹ mú 5.1 (sípíkà márùn-ún àti wúfà kan nìyẹn), kí ẹ dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò níbẹ̀. Ohun tó ń dààmú àwọn èèyàn ni pé fíìmù á dún, ẹ ó gbọ́ béèsì, ẹ ó wá gbé orin sí i, wúfà á dákẹ́ lọ gbári. Kò bàjẹ́ o. Ìró ọ̀tún àti òsì nìkan ni ọ̀pọ̀ orin ní, kò sí ti wúfà lọ́tọ̀ nínú ẹ̀, àfi tí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà ya béèsì sọ́tọ̀. Tí Realtek HD Audio Manager bá wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Enable bass management sí, ẹ tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń lo Linux tó ní PulseAudio, inú fáìlì daemon.conf ni, enable-lfe-remixing ni kí ẹ sọ di yes. Tó bá jẹ́ orin lẹ máa ń gbọ́ jù bíi tèmi, ẹ kúkú fi ihò ọlọ́sàn sílẹ̀, kí ẹ lo aláwọ̀ ewé, kí ẹ pín in sí méjì bí mo ṣe sọ lókè yẹn, kò ní wàhálà kankan.

Bluetooth ńkọ́? Ẹ lè lò ó tí gbogbo ẹ̀ bá ń gba ibì kan náà lọ. Àmọ́ tí sípíkà bá ń gba Bluetooth, tí wúfà ń gba wáyà, ìró sípíkà á máa pẹ́ dé, ìlù á máa dún lẹ́ẹ̀mejì bíi pé onílù méjì ò gbọ́ra wọn yé.

Ẹ pa gbogbo nǹkan kí ẹ tó ki wáyà kankan bọ ihò. Tí ẹ bá ń tan án, kọ̀ǹpútà lẹ kọ́kọ́ tàn, wúfà ló kẹ́yìn, tí ẹ bá ń pa á, wúfà lẹ máa kọ́kọ́ pa. Ìró pàà tí wúfà máa ń ta nígbà tí wọ́n bá ki wáyà bọ̀ ọ́ lójú iná, kò dáa fún kóònù ẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná lójijì, ẹ dìde lọ pa wúfà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí iná tó bá dé lo ìṣẹ́jú díẹ̀ kó balẹ̀ kí ẹ tó tan án padà, torí nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ló máa ń ga jù.

Ó ti so báyìí, ó ń dún, ọ̀pọ̀ èèyàn á dúró síbẹ̀. Ẹ má dúró o. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí la ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ẹ gbé vólúùmù kọ̀ǹpútà sí nǹkan bíi 80 nínú 100, ẹ yí GAIN wúfà, ìyẹn nọ́ọ̀bù tó ń gbé ìró ẹ̀ sókè sódò, sí òdo. Nọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ CROSSOVER tàbí LOW PASS sí ló ń sọ ibi tí wúfà ti máa gba ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́ sípíkà. Tí sípíkà yín bá kéré bí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi sí nǹkan bíi 120 Hz, tó bá jẹ́ àwọn tó tóbi díẹ̀ tí kóònù wọn tó ínṣì márùn-ún sí mẹ́fà, 80 Hz ti tó. Ẹ wá ṣí ìròyìn tí ọkùnrin ń kà. Ẹ sún mọ́ wúfà kí ẹ gbé etí sí i, tí ẹ bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ nínú ẹ̀ ketekete, crossover yẹn ti ga jù, ẹ fà á wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ gbé orin sí i, ẹ wá máa yí GAIN sókè díẹ̀díẹ̀ títí béèsì á fi dà bíi pé inú sípíkà kékeré yẹn gan-an ló ti ń jáde. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti pé nìyẹn, ẹ ò ní mọ̀ pé wúfà wà nínú yàrá mọ́. Ìró tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 80 Hz, etí ò lè tọ́ka sí ibi tó ti ń wá, torí náà tí àlejò bá wọlé tó bá ń wo igun tí wúfà wà, ẹ yí i wálẹ̀ díẹ̀ sí i.

PHASE ló kàn, 0 tàbí 180. Ẹ jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó sí, kí ẹlòmíì bá yín máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, èyí tí béèsì bá ti kún jù ni kí ẹ fi sílẹ̀. Tí sípíkà ń ti afẹ́fẹ́ síwájú tí wúfà ń fà á sẹ́yìn, ńṣe ni wọ́n á máa pa ìró ara wọn.

Ibi tí ẹ gbé wúfà sí ṣe pàtàkì ju iye tí ẹ rà á lọ. Ọ̀pọ̀ yàrá wa níbí, ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 ni. Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, ìró tó wà ní nǹkan bíi 47 Hz máa ń lu ògiri, á padà, á pàdé ara ẹ̀ lọ́nà, ibì kan nínú yàrá á máa hó gùdù, ibòmíì ẹ ò ní gbọ́ nǹkankan. Tí ẹ bá ti rí i pé ẹ gbọ́ béèsì ní ẹnu ọ̀nà àmọ́ tí ẹ bá jókòó ó sá lọ, ìdí ẹ̀ nìyẹn. Ohun tí mo ṣe nìyí: mo gbé wúfà fúnra ẹ̀ sórí àga tí mo máa ń jókòó sí, mo fi orin tí gìtá béèsì ẹ̀ ń rìn lókè nísàlẹ̀ sí i, mo wá kúnlẹ̀, mo ń rá káàkiri ẹ̀gbẹ́ ògiri, etí mi wà nílẹ̀. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, gbogbo okùn gìtá yẹn dún dọ́gba, kò sí èyí tó ń pariwo ju èkejì lọ. Ibẹ̀ ni mo gbé wúfà sí, ibẹ̀ náà ló sì wà dòní. Igun yàrá á jẹ́ kí béèsì pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n pípọ̀ yẹn kì í dọ́gba.

Tí ẹ bá gbọ́ ìró hùùùn tí ò dáwọ́ dúró, bí ẹ bá da orin dúró pàápàá, iná ló wọ inú wáyà ìró yín. Iná wa níbí 50 Hz ni, ohùn tí wúfà fẹ́ràn láti gbé gan-an nìyẹn. Ẹ yọ ṣájà láàpùtọ́ọ̀pù kí ẹ gbọ́ ọ wò. Tó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ earth ni, kọ̀ǹpútà àti wúfà ń gba ọ̀nà méjì lọ sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ki àwọn méjèèjì bọ extension kan náà, ẹ gbé wáyà ìró jìnnà sí wáyà iná. Tí ò bá lọ, ẹ ra ground loop isolator, páálí kékeré kan báyìí ni, ó máa ń wà láàárín wáyà ìró. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má gé ẹsẹ̀ kẹta tó gùn jù lára pílọ́ọ̀gì kí ìró yẹn lè dákẹ́. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe é. Hùùùn yẹn á lọ lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ tí iná bá kan irin ara ẹ̀rọ yẹn, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ni iná máa gbà wálẹ̀. Tó bá jẹ́ pé kódà lẹ́yìn tí ẹ yọ ṣájà, ìró ṣàà-ṣàà ṣì wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ihò íápíìsì yẹn ni ò dáa, USB DAC kékeré, ìyẹn ohun tí wọ́n ń ki bọ ihò USB tí ìró á máa gbà jáde dípò ihò yẹn, lè tún un ṣe.

Ẹni tó ń lo jẹ́ẹ̀nì kékeré tàbí inverter, ẹ má wo nọ́ńbà ńláńlá tí wọ́n kọ sí páálí wúfà. PMPO 5000 watts tí ẹ rí níbẹ̀, nọ́ńbà ìpolówó ni, kò sọ nǹkankan fún yín. Ẹ wo RMS, ìyẹn agbára tó lè gbé láìdáwọ́ dúró, kí ẹ tún wo ẹ̀yìn ẹ̀ níbi tí wọ́n kọ iye iná tó ń jẹ sí, ó lè má ju 60 watts lọ. Inverter tí kì í ṣe pure sine wave (èyí tí iná ẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́ bíi ti ìjọba) náà lè mú kí wúfà máa kùn bíi oyin, tí hùùùn bá bẹ̀rẹ̀ kìkì ìgbà tí ẹ bá wà lórí inverter, inverter yẹn ni kí ẹ fura sí, ẹ má tú wáyà kankan.

Ó ku àwọn tí a jọ ń gbé. Béèsì kì í gbọ́ ti ògiri, ó máa ń gba inú ẹ̀ kọjá. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tan wúfà mi, Ìyá Ìbejì tó wà ní yàrá kejì kanlẹ̀kùn, wọ́n ní kí n wá wo nǹkan. Mo wọlé tọ̀ wọ́n, orin mi ò pariwo níbẹ̀ rárá, kódà mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan nínú ẹ̀, àmọ́ gbogbo kọ́ọ̀bù tí wọ́n to sórí kọ́bọ́ọ̀dù ń gbọ̀n wìnnìwìnnì, ìbejì méjèèjì dẹ̀ ti jí. Mo bẹ̀ wọ́n gan-an. Lọ́jọ́ kejì mo gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́, mo fi tẹ́ abẹ́ wúfà, mo fi í sílẹ̀ díẹ̀ kó má fara ti ògiri wọn. Mo ní kí wọ́n dúró sí yàrá wọn kí wọ́n máa kanlẹ̀kùn tí kọ́ọ̀bù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bí a ṣe jọ wá ibi tí GAIN á máa wà nìyẹn. Tó bá ti di aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo máa ń pa wúfà pátápátá, sípíkà méjèèjì á máa dá ṣe é.

Nígbà tí ẹ bá ti rí ibi tó dáa fún GAIN, CROSSOVER àti PHASE, ẹ fi kúútẹ́ẹ̀sì to àmì kékeré sí ibi tí nọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan dojú kọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá lo họlidé lọ́dọ̀ mi, béèsì sọ nù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo tú gbogbo wáyà, mo tún un so, mo pààrọ̀ ẹnu pupa àti funfun, kò dún, àfìgbà tí mo tanná tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo rí i pé ọmọ ti yí GAIN dé òdo. Báyìí àmì pupa mẹ́ta ló wà lẹ́yìn wúfà mi, tí béèsì bá sọ nù, àwọn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.